Akọ̀wé Ìran Tí Kò Jẹ́ Ṣe Ẹ̀dà

Bàbá àgbà mi kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láàárín òjò, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ní ìrọ̀lẹ́. Mo wo aago, nítorí mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló kú, ohun tí òun ì bá kọ́kọ́ bi wá nìyẹn. Kò ní bi wá pé kí ló pa á. Yóò ní, "Aago mélòó?" Bí o bá dá a lóhùn pé nǹkan bí aago mẹ́rin, yóò wò ọ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ọbẹ̀. Yóò ní, "'Nǹkan bí' kì í ṣe aago."

Ní ìjọ aládùúrà wa ní Odigbo, Bàbá Akọ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa lè má mọ iṣẹ́ tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Bí ẹ̀mí bá gbé wòlíì, tó ṣubú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, kó máa kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde, torí pé nígbà tí ojú wòlíì bá wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í rántí. Ẹni tó ń kọ ọ́ ni akọ̀wé ìran. Ọdún mọ́kànlélógójì ni bàbá àgbà mi fi ṣe é. Àgbẹ̀ kòkó ni. Kò rí ìran kankan rí láyé rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kò dùn ún ni, pé gbogbo èèyàn ń ríran àfi òun. Ó ń sá kòkó lórí ẹní lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹlẹ́nu pọ̀ nínú ìjọ yìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ elétí."

Ìmọ̀ òfin ni mo kà ní yunifásítì. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa to ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé. Mo máa to ti bàbá àgbà mi náà, torí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri Odigbo yìí, wúruwùru ni. Wọ́n ní ó purọ́. Wọ́n ní arúgbó ti ń ṣe é. Wọ́n ní ó jó ìwé ìjọ níná. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, màá sì dé orí rẹ̀.

Ohun tó ń gbọ́ ló ń kọ. Bí wòlíì bá wúkọ́ láàárín ìran, á kọ ọ́ pé ó wúkọ́. Wòlíì kan wá láti Araromi-Obu lọ́jọ́ kan, ó ṣubú, ó kígbe pé òun rí ewúrẹ́ kan tó dé fìlà, tó ń wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ore. Ọmọge kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kọ ewúrẹ́, ó kọ fìlà, ó kọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n parí ìsìn, àwọn àgbààgbà ní kó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, pé ó ń dójú ti ìjọ. Ó ti ìwé náà bọ abẹ́ apá. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo dé ewúrẹ́ ní fìlà."

Àwọn wòlíì kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ríran sí aboyún kan pé ọkùnrin ni yóò bí. Obìnrin náà bí obìnrin. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo wà ní ilé Bàbá nígbà tí wòlíì náà wọlé pẹ̀lú àwo pupuru tó ń ru èéfín àti ọbẹ̀ tí ẹja yíyan kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó kí Bàbá, ó kí mi, ó kí ògiri. Bàbá ní, "Ẹ jókòó." Ó jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó fi ìka lá àwo.

Wòlíì ní, "Bàbá Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Níbi tẹ́ ẹ kọ 'ọmọkùnrin' sí yẹn, bẹ́ ẹ bá pa 'kùnrin' rẹ́, á ku 'ọmọ.' Kò sí irọ́ níbẹ̀ mọ́."

Bàbá bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó nù ún. "Mo ti jẹ oúnjẹ yín, mo dúpẹ́. Ọmọkùnrin lẹ wí."

Èdè ìwé ló máa ń sọ, bíi ti ẹni tí Bíbélì kọ́ ní kíkà. Àmọ́ bí inú bá ń bí i, Ìkálẹ̀ á jáde, "iṣẹ́" á di "uṣẹ́" lẹ́nu rẹ̀, a ó sì mọ̀ pé kí a yára kúrò níwájú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa ń gbé e dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀dà.

Ìjọ wa ti pín sí méjì kí wọ́n tó bí mi. Nígbà yẹn, akọ̀wé méjì ló wà, Bàbá àti Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Bí Bàbá bá kọ ìran, Bàbá Kékeré á dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀, kí ìkan má bàa sọnù. Ọgbọ́n ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Nígbà tí ìjà dé lórí ẹni tí yóò ṣe olórí ìjọ, wọ́n gbé ìwé méjèèjì jáde, ìran kan náà sì ń sọ orúkọ méjì. Ta ló yí tirẹ̀ padà? Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìdajì ìjọ kó lọ sí òdìkejì títì pẹ̀lú Bàbá Kékeré. Àwọn tọkọtaya wà tí ọkọ ń lọ sí ibí, tí ìyàwó ń lọ sí ọ̀hún. Bàbá àti àbúrò rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí Bàbá Kékeré fi kú. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, Bàbá dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì tiwa, ó ń wo pósí bó ṣe ń kọjá.

Láti ìgbà tí ìjọ ti pín ló ti ṣe òfin: ìran kan, ìwé kan. Kò sí ẹ̀dà. Mo bá a jiyàn lórí rẹ̀ títí. Mo ní, "Bàbá, ní ilé ẹjọ́, ẹ̀dà ni ààbò." Ó ní, "Ìwé méjì ló gba àbúrò mi lọ́wọ́ mi. Èyí tí yóò gba ìwọ náà ni o ń wá."

Ìyá mi ló mú láàptọ̀ọ̀pù wá fún un. Ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Òkìtìpupa fẹ́ dà á nù, ó sì gbé e wá sí Odigbo. Ó nípọn bí búrẹ́dì, bátìrì rẹ̀ kò lè gbé ara rẹ̀, àfi kó wà lórí iná tàbí jẹnẹrétọ̀ ìjọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì lu. Ibi tí wọ́n ń ki síídì bọ̀ ni ihò yẹn wà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e dé. Ẹnì kan tó ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ore ló yọ ẹ̀rọ síídì rẹ̀, tó ní òun fẹ́ nu eruku inú rẹ̀, tí kò sì dá a padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn. Bàbá kò bínú. Ó ki káńfọ̀ sínú ihò náà kí aáyán má bàa wọ̀ ọ́, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo ìran tó wà nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ló fi ń fi ìka méjì tẹ àwọn ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yẹn, ìran kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí ó bá ti parí ìwé kan, á pe àgbà ìjọ méjì, wọ́n á jọ kà á, wọ́n á fi wé ti inú kọ̀ǹpútà náà, lẹ́yìn náà á gbé ìwé náà lọ sẹ́yìn ilé àdúrà, á sì dáná sun ún lójú wọn. Òun ni òótọ́ kan ṣoṣo tí mo ní mo máa dé orí rẹ̀. Ó jó ìwé ìjọ níná. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo rí eérú ìwé tó kẹ́yìn, mo kígbe mọ́ ọn. Ó ń fi igi tú eérú náà kí ohunkóhun má bàa kù. Ó ní, "Ní báyìí, ẹnikẹ́ni kò lè fi mí bá mi jà mọ́."

Ìyá Wòlíì kan wà, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ti kú tipẹ́, tí Bàbá fọkàn tán ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Òun ni ìran ilẹ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìjọ wa ní ilẹ̀ kòkó kan lójú ọ̀nà Ore, tí ẹnì kan fi tọrẹ fún Ọlọ́run. Bàbá ní Ìyá Wòlíì ṣubú ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó sì sọ ohun tí Ọlọ́run wí nípa ilẹ̀ náà, ìjọ kò sì gbọdọ̀ tà á. Lọ́dún tó kọjá, alábòójútó ìjọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, rí oníbàárà tó fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé epo. Ó ní kò sí irú ìran bẹ́ẹ̀ rí, pé Bàbá Akọ̀wé ló dá a sílẹ̀. Àwọn àgbà tó bá Bàbá ka ìwé kí ó tó jó o ní ìran ti pọ̀ jù fún àwọn láti rántí. Bàbá ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n dá ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní kó wá kà á níwájú ìjọ. Bí ó bá kà á, ilẹ̀ dúró. Bí kò bá rí i kà, wọ́n á tà á, Bàbá á sì jẹ́ òpùrọ́ lójú gbogbo Odigbo.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá tàn, kò ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ojú rẹ̀ á di búlúù, á sì pa. Ó fi fóònù pè mí. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo wá.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tẹ ìran ilẹ̀ yẹn jáde sórí bébà ní Ore, kẹ́ ẹ kà á lọ́jọ́ Àìkú."

Ó ní, "Bébà? Kí wọ́n lè ní alẹ́ àná ni mo kọ ọ́? Ibi tó ti ń gbé ni kí wọ́n ti bá a. Ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ wà lára rẹ̀ níbẹ̀."

Mo fi okùn de kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn ọ̀kadà ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Bàbá sì lọ bá ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan ní Ore, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀. Kì í ṣe ẹni tó yọ ibi síídì ni o. Ẹlòmíràn ni. Bàbá ti mú síídì wíńdò, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, tí tíṣà kan fún un dání, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ó gbé e fún ẹnjiníà. Ẹnjiníà yí kọ̀ǹpútà sókè, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí ihò, káńfọ̀ sì já bọ́ sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹnu wo la fẹ́ gbà bọ́ ọ? Wọ́n ti yọ gbogbo eyín ẹ̀!"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ní nǹkan yìí ti di òkú, kí a gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin. Mo sọ fún un pé kó fọ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, eré ni." Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀nà wà: fíláàṣì, ohun kékeré bí ìka tí wọ́n ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà láti kó ìwé sí. Wọ́n á kó wíńdò tuntun sórí fíláàṣì, bí wọ́n bá ti ń tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan tí yóò sọ fún un pé fíláàṣì ni kó ti jí, kì í ṣe inú ara rẹ̀. Ó ní yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, nítorí náà kí a kọ́kọ́ kó ìwé wa kúrò níbẹ̀, kí a padà wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a sì mú fíláàṣì òfìfo kan dání torí òun kò ní, wíńdò sì máa ń pa ohun tó bá bá lórí rẹ̀ rẹ́.

A ra fíláàṣì dúdú méjì ní gáréèjì. Ọ̀kan fún ìwé Bàbá, ọ̀kan fún wíńdò. Bàbá fa okùn pupa kan yọ láti inú àpò, ó so ó mọ́ ọ̀kan, ó sì fi kọ́ ọrùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn láti àárọ̀ di ọ̀sán. Á tàn, á pa. Á tàn, á pa. Níkẹyìn mo rí ìwé náà mú. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tí a fi ń gbé nǹkan sórí fíláàṣì: o lè dà á kọ, kí ó wà níbi méjèèjì, o sì lè gé e, kí ó kúrò níbi tó wà. Mo fẹ́ dà á kọ. Bàbá dúró lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Gé e."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Títí di ọ̀la péré."

Ó pe orúkọ mi. "Dúpẹ́. Gé e."

Mo gé e. Ó ní, "Ṣé ó ti kúrò níbẹ̀?" Mo ní ó ti kúrò. "Ibì kan péré ló wà báyìí?" Mo ní ibì kan péré. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi nìkan ni mo lọ sí Ore, torí pé orókún ń dun Bàbá. Ó bọ́ okùn pupa kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Mo gun ọ̀kadà. Mo dé ìta gáréèjì, mo wo ara mi nínú gíláàsì ọkọ̀ kan, agbẹjọ́rò tó fi okùn pupa so fíláàṣì mọ́ ọrùn bí ọmọ ilé ìwé. Ojú tì mí. Mo já okùn náà, mo sọ fíláàṣì sínú báàgì pẹ̀lú ìkejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èmi ni mo já okùn náà. Ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Mo ti ní ẹ̀sùn fún ẹnjiníà yẹn láti Ọjọ́bọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí bí mo ṣe ń wọlé. Pé ó pe ohun ìní bàbá mi ní òkú. Pé ó fi àgbàlagbà rẹ́rìn-ín lójú èèyàn. Pé ó ní kí n wá ní aago mẹ́sàn-án, ó sì dé ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Pé iṣẹ́ ẹ̀yin ará Ore nìyí, ẹ̀yin náà lẹ yọ ibi síídì. Ó ní, "Àǹtí, èmi kọ́." Mi ò gbọ́. Ó na ọwọ́. "Fíláàṣì dà?" Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo mú un, mo gbé e fún un, ẹnu mi kò dúró.

"Ṣé kò sí nǹkan lórí ẹ̀?"

"Kò sí! Ṣe iṣẹ́ rẹ, jàre!"

Ó bi mí. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó bi mí.

Wíńdò wọlé dáadáa. Ó gbà ju wákàtí kan lọ. Mo ń wo ìlà kékeré kan tó ń kún díẹ̀díẹ̀, inú mi sì ń dùn. Nígbà tó parí, kọ̀ǹpútà náà ń tàn gbòò bí ohun tuntun. Mo mú fíláàṣì kejì nínú báàgì, mo ki í bọ̀ ọ́ kí n lè dá ìwé Bàbá padà sílé. Òfìfo ni. Mo yọ ọ́, mo tún ki í bọ̀ ọ́. Òfìfo ni. Mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnjiníà.

Ó gbìyànjú. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní ètò kan tí wọ́n fi ń wá ohun tó ti pa rẹ́, ó fi wá a títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó rí kó jáde jẹ́ àmì àti nọ́ńbà tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ó ní wíńdò ti wúwo jù, ó ti jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó pa ètò náà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àǹtí, mo bi yín o."

Bàbá wà níta nígbà tí mo dé Odigbo. Ó gba kọ̀ǹpútà, ó tàn án, ó ní, "Háà! Ó ti yára!" Ó yà á lẹ́nu bí ọmọdé. Ó ní kí n gbé ìwé náà padà sínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí okùn títí dé ìbéèrè ẹnjiníà. Mo ń retí Ìkálẹ̀. Mo ń retí kó lù mí. Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ta ló mọ̀?"

"Ẹnjiníà nìkan."

"Jẹ́ kó mọ níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tútù.

Ní ọjọ́ Àìkú, ilé àdúrà kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ti òdìkejì títì pàápàá wá. Bàbá wọ aṣọ funfun rẹ̀, kò mú nǹkan kan dání. Alábòójútó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìwé dà?"

"Kò sí mọ́."

Ìjọ hó yèè. Alábòójútó gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló pa á rẹ́?"

"Ọwọ́ mi lẹ fi í sí. Ọwọ́ mi ló ti bọ́."

Mo dìde. Kò bojú wẹ̀yìn, mi ò mọ bó ṣe mọ̀. Ó ní, "Dúpẹ́, jókòó." Mo jókòó. Èmi tí mo ń dúró níwájú adájọ́, mo jókòó.

Alábòójútó sún mọ́ ọn. Ó ti rí i pé òun ti borí, ohùn rẹ̀ sì ti dẹ̀. "Kò burú, Bàbá. Ṣé ẹ rántí ohun tí Ìyá Wòlíì sọ?"

"Mo rántí gbogbo rẹ̀. Mo rántí ibi tó ti mí."

"Ẹ kúkú sọ ọ́, kí ìjọ gbọ́."

Ẹ gbọ́ mi o. Ó lè sọ ọ́. Ó kan lè la ẹnu. Ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ló ṣetán láti gbà á gbọ́, mo rí i lójú wọn. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń sọ fún àwọn wòlíì yín pé ohun tí ẹnu rántí kì í ṣe ohun tí a kọ. Mi ò lè wá yí i padà lónìí nítorí pé ó kan èmi."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Òpùrọ́ àgbà!" Mi ò rí ojú ẹni náà. Ẹni yẹn nìkan ni mi ò lè tọ́ka sí nínú ẹ̀sùn yìí.

Wọ́n yan akọ̀wé mìíràn. Bàbá ṣì ń lọ sí ìsìn, ó ń jókòó sẹ́yìn. Bí wòlíì bá ṣubú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa rìn lórí itan rẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún, láti òsì sí ọ̀tún. Mo rí i. Mo kúrò nínú ilé àdúrà lọ́jọ́ yẹn, mi ò padà wọlé.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ó ní, "Ọmọ ọmọ mi ni ọ́. Wọ́n á ní mo kọ́ ọ ní irọ́ ni." Ó tọ̀nà. Títí di báyìí mi ò rí ibi tí mo lè gbà já a, mo sì ti gbìyànjú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ìran náà fún mi, èmi nìkan, nínú ilé, kó má bàa bá a lọ. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà náà, èémí rẹ̀ ti ń kúrú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, wàá gbà mí gbọ́. Kí n rí ẹni tó gbà mí gbọ́ kọ́ ni mo fi ọjọ́ ayé mi wá."

Ìran náà sì bá a lọ. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà kí òjò tó dá. Katapílà ti tú àwọn igi kòkó níbẹ̀, ẹ máa rí i bẹ́ ẹ bá ń ti Ore bọ̀, ilẹ̀ pupa rẹpẹtẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá alábòójútó nílé rẹ̀. Ó ń gé èékánná lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò kí i tó bó ṣe yẹ. Mo ní, "Mo wá sọ fún yín pé Bàbá àgbà mi kò pa ìwé náà rẹ́. Èmi ni mo pa á rẹ́, ní Ore, kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ìwé wà, ìran wà. Ẹ pe òtítọ́ ní irọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Ẹnjiníà yẹn ló ń bá wa tún gbohùngbohùn ìjọ ṣe. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìpàdé ló ti wá sọ fún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun sùn."

"Ọjọ́ Ajé? Ẹ ò tíì ta ilẹ̀ nígbà náà! Ẹ sì dákẹ́?"

Ó fẹ́ eruku èékánná kúrò lórí aṣọ rẹ̀. Kò bínú. Bóyá ojú tiẹ̀ ń tì í díẹ̀, mi ò mọ̀. "Dúpẹ́, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ dákẹ́. Ìwọ tó o ṣe é dákẹ́. Ta ni o wá fẹ́ kí èmi jẹ́?"

Mo ti mú ìwé àti bírò dání láti Àkúrẹ́ kí n lè kọ ohun tó bá sọ, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú aago rẹ̀. Mo ṣí ìwé náà. Mo wá gbogbo ibi tí mo lè to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí, tí kò ní jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mi ò rí ọ̀kan.